Ìfẹ́ Oníbúrẹ́dì àti Ìka Onídìrí

Òjò ló fa gbogbo rẹ̀. Àǹtí Kékeré lọ dirun, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi ọkọ̀ wá gbé òun. Ọkùnrin yìí àti ìyá rẹ̀, tó jẹ́ opó, ni wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà náà. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀ dé ìgúnpá nígbà tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé búrẹ́dì gbígbóná kan dání nínú bébà, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfo.

Onídìrí náà kò gbójú sókè. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí orí Àǹtí Kékeré; ó ń pín in, ó ń fà á, ó ń so ó, bí ẹni ń ka ohun tó ti mọ̀ sórí.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ó ku ẹsẹ̀ méjì."

"Ṣé irun náà lẹ́sẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín pa á. Ìgbà náà ló tó wo ojú ẹni tó wọlé. "Ẹ̀yin tí ẹ fi ìyẹ̀fun wẹ̀ yìí, ẹ tún ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Ẹ káàbọ̀ o, Ọlọ́wọ́ Ìyẹ̀fun."

Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá, kò sì sí orí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbé. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ. Onídìrí ní ọ̀nà ilé búrẹ́dì kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ní ọ̀nà ti yí padà. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé díẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Ohun kan wà tí ọkùnrin náà ń rí tí kò bi í. Obìnrin tó ń ṣe gbogbo ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣí orí ara rẹ̀. Ooru ì báà mú bí iná, síkáàfù ni, ó sì máa so ó wálẹ̀ dé etí. Ẹ̀wù rẹ̀ a sì bo apá dé ọrùn ọwọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà ti ń gbọ̀rọ̀ sẹ́nu tí kò lè sọ ọ́, onídìrí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì tú síkáàfù náà.

"Wò ó kí o tó sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ."

Láti iwájú orí dé ẹ̀yìn etí, awọ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ìgúnpá náà rí bẹ́ẹ̀.

"Kì í ràn," ó yára sọ. "Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Dókítà ní àwọn ọmọ-ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara mi ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń bá mi jà. Orí awọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wọ oríkèé. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi kì í ká, àfi tí mo bá tì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Iṣẹ́ ìka sì ni mò ń ṣe jẹun. Tí o bá fẹ́ máa lọ, máa lọ nísinsìnyí, mi ò ní bínú."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yí i sókè, ó yí i sílẹ̀. "Ibo ló ń dùn ọ́?"

Omi bọ́ lójú onídìrí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè yẹn láìkọ́kọ́ fa ọwọ́ tiwọn sẹ́yìn.

*

Ìyá ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere. Obìnrin tí ọkọ kú fi sílẹ̀ pẹ̀lú ààrò kan àti ọmọ kan ni, tó fi ààrò náà tọ́ ọmọ náà di géńdé. Nígbà tí ọmọ dé tó ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ìyókù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Nínú ilé búrẹ́dì? Ẹni tí ara rẹ̀ ń bó?"

"Kì í ràn, Màmá."

"Mo gbọ́. Ta ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà tí á máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan? Ìwọ? Ìpẹ́ kan péré tí wọ́n bá rí lórí búrẹ́dì, kódà kó jẹ́ bébà ló já sí i, a ti wọ gàù." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò ní ọmọ náà kò dáa. Ó lè dáa jù mí lọ. Mo ní kó kọ́kọ́ gbádùn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni màá fi lọ bá àwọn òbí rẹ̀."

Àǹtí Kékeré ló di alárinà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ sì ń jẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ilé onídìrí, ó fi oyin sí i lójú ọ̀nà, àmọ́ bàbá onídìrí, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tọ́ kíkorò rẹ̀ wò.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni baba wí. "Ẹ ní mo ní ọmọ mi kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń dá padà fún àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fẹ́ ẹ tòun ti ara tó gbé wá."

Onídìrí fúnra rẹ̀ ló bẹ bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, ara òun á dá. Ta ni kì í fẹ́ kí ara òun dá?

*

Oníbàárà kan ló mú ọ̀rọ̀ ìwúkàrà wá sílé búrẹ́dì. Ó ní ara yún àbúrò òun kan náà títí, ìgbà tó dáwọ́ búrẹ́dì àti ṣúgà dúró ló sinmi. Ó ní ìwúkàrà ló ń hù nínú ìfun irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tó ń wú bó ṣe ń wú nínú ìyẹ̀fun, ṣúgà ló sì ń bọ́ ọ. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kí oníbàárà náà má lé oníbàárà tó kù lọ. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń po ìwúkàrà mọ́ ìyẹ̀fun. Ó mọ bó ṣe ń jí tó bá rí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí bí òtítọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí fóònù, ó ń bi ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ onídìrí, kò mú búrẹ́dì dání mọ́. Ewébẹ̀, ẹja àti ẹ̀wà ló gbé wá.

Onídìrí ní, "Ọlọ́wọ́ Ìyẹ̀fun, ṣé o ti pààrọ̀ iṣẹ́ ni?"

"Fún mi ní oṣù díẹ̀. Má jẹ búrẹ́dì, má fẹnu kan ṣúgà, fi wàrà sílẹ̀, fi bíà tí o máa ń mu lópin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ara rẹ á dá. Màmá á sì wá."

Onídìrí bi dókítà rẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni dókítà náà. Ó ní, "Ó dáa. Ṣúgà tí o dín kù àti bíà tí o fi sílẹ̀ kò lè pa ọ́ lára. Tí o bá tún fọn díẹ̀, orúnkún rẹ á dúpẹ́. Oúnjẹ máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, ó sì lè má ran àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ oògùn ni oúnjẹ, kì í ṣe àrólé rẹ̀. Má dá oògùn rẹ dúró."

Ó sì ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó fọn, oorun rẹ̀ dára, ìyún rẹ̀ rọlẹ̀. Láàárọ̀, kí omi tó tutù nínú abọ́, ìka rẹ̀ ti ń ká. Pupa ìgúnpá ń parẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ẹ̀wù aláìlápá, ó sì rìn kọjá níwájú ilé búrẹ́dì. Ìyá yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó títí ó fi yà ní igun. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Kékeré ti dé ọ̀dọ̀ baba awakọ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ìyá gbà. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò mọ ibi tí ayọ̀ ti parí tí ìgbéraga ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Oúnjẹ ni. Oúnjẹ nìkan ni." Kò rántí oògùn. Ẹni tó ń gbé e mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó máa ń rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, nǹkan funfun bo ahọ́n onídìrí, bí èfu tó máa ń mú ọmọ ọwọ́. Oúnjẹ ń ta á lẹ́nu. Ọkùnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tó mú olè.

"Ìwúkàrà náà rèé! Mo kà á. Oògùn dókítà yẹn ló ń pa ọmọ-ogun ara, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. À ń lé e jáde lẹ́nu ọ̀nà, oògùn ń gbà á wọlé lójú fèrèsé."

"Kí n lọ bi dókítà."

"Dókítà á ní kí o ra òmíràn kún un. Ara rẹ ti dá, olólùfẹ́ mi. Kí lo tún ń gbé májèlé mì fún? Ṣé o fẹ́ dé ilé mi pẹ̀lú àpò oògùn, kí Màmá rí i?"

Ìyẹn ló mú un. Orúkọ ìyá yẹn. Ó wo ojú ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ọjọ́ òní."

Ó da oògùn náà nù.

*

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Àmọ́ iná tó wọ abẹ́ eérú kò tíì kú. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ ọ̀tún wú láti ìdí dé orí, ó ń dán, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá lọ́la. Awọ orí rẹ̀ tún ṣí. Ó tún wá síkáàfù rẹ̀ rí.

Ó sọ fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Ó jẹ ẹja, ó jẹ ewébẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà tún bi í. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò kí i kó tó bi í. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ wò. Ó gbóòórùn ife rẹ̀. Oníbàárà kan ṣe ọjọ́ ìbí, ó gbé àkàrà òyìnbó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà rí èérún rẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì dúdú.

"Ó kù díẹ̀ ká ṣègbéyàwó, o sì ń torí ọ̀fun ba nǹkan jẹ́ fún wa!"

"Mi ò tọ́ ọ wò! Bi wọ́n léèrè!"

"Kí ló wá ń wú ọ ní ìka?"

Láti ọjọ́ yẹn, onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwo oúnjẹ. Ó yọ ẹ̀wà kúrò, bóyá ẹ̀wà ni. Ó yọ èso kúrò. Ó kù díẹ̀ kó má jẹ nǹkan kan mọ́, aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ti wọ̀n fún un sì di ohun tó ń já bọ́ lára rẹ̀. Síbẹ̀ ìrora náà kò lọ. Bàbá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò omi, nítorí ọwọ́ kò lè ṣí i. Baba kò bá a wí. Ó ní kó wọ bàtà, kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkùnrin náà gbọ́, ó ní òun á gbé wọn lọ.

Yàrá dókítà kéré. Baba dúró síta; àwọn méjèèjì ni wọ́n wọlé. Dókítà tẹ àwọn oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wo fọ́tò egungun tó gbé síbi iná.

"Egungun ti jẹ ní ibi méjì. Ìka méjì yìí kò ní tọ́ mọ́. Èyí tó kù, a lè dá a dúró bí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ní kí o dá oògùn dúró?"

Onídìrí yíjú sí ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà jẹ́ táìlì funfun, ẹsẹ̀ àga sì ti họ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, dókítà á ròyìn rẹ̀ fún baba tó wà níta, baba á fagi lé ìgbéyàwó. Ó rò ó, ó ń rò ó lọ.

"Èmi ni," ni onídìrí wí. "Ẹnu mi ló funfun, mo rò pé oògùn ló fà á."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Oògùn tó ń tẹ ọmọ-ogun ara lórí ba máa ń fún irú ìwúkàrà kan láyè lẹ́nu. Ó níye ọjọ́ tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ rírọrùn ni. Kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Kì í ṣe òun ló fa làkúrègbé rẹ. Ì bá ṣe pé o wá bi mí..." Kò parí rẹ̀. Ó rí ojú obìnrin náà, àánú sì ṣe é.

Nínú ọkọ̀, ọkùnrin náà na ọwọ́ láti di tirẹ̀ mú. Onídìrí gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn.

*

Òrùka ìfẹ́sọ́nà tí ọkùnrin náà fún onídìrí gba ọwọ́ Àǹtí Kékeré padà. Obìnrin náà sunkún kó tó délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé ìyá fúnra rẹ̀ dìde. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ pé nítorí kí òun lè gbà ni ọmọbìnrin náà ṣe da oògùn nù. Ó ní, "Lọ sọ fún un pé mo gbà á bó ṣe wà. Kó wá tòun ti síkáàfù, tòun ti oògùn. Tí oníbàárà bá fẹ́ sá, kí wọ́n sá."

Àǹtí Kékeré sáré gbé e lọ. Onídìrí jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú abọ́ omi.

Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Mi ò bínú sí wọn, láéláé. Àwọn sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ló sọ pé òun fẹ́ mi, tó sì ń dúró de ẹlòmíràn tí màá dà."

"Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọmọ mi. Àìmọ̀kan ni."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣé ẹ rí i, kí ó ní kí n da oògùn nù, àìmọ̀kan nìyẹn. Èmi náà ni mo gbà. Àmọ́ nígbà tí dókítà bèèrè, kì í ṣe àìmọ̀kan mọ́. Ẹnu wà lórí rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ẹ, ọjọ́ wo ni yóò la ẹnu gbèjà mi?"

Àǹtí Kékeré kò ní oyin tó máa fi sí ìyẹn. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe jíṣẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó wólẹ̀. Ó lọ títí tí baba awakọ̀ fi ní kó má wá mọ́. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí ààrò. Wọ́n fi obìnrin hàn án lọ́tùn-ún lósì; ó ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì padà lọ. Ó gbọ́ lẹ́nu Àǹtí Kékeré pé oògùn tuntun tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ti mú ara onídìrí balẹ̀. Pé kò lè dirun wẹ́wẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ń jókòó, ó ń fi ẹnu júwe fún wọn. Pé ó ń jẹun bí ọmọlúàbí, ṣúgà ni kì í fẹ́ púpọ̀. Lọ́dún kan, ó gbọ́ pé ó ti lọ́kọ. Lọ́jọ́ náà, gbogbo búrẹ́dì tó wà nínú ààrò ló jó.

Ọdún ń gorí ọdún. Ojú ìyá ń ṣú, kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ ló sì ń mú un lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, obìnrin kan rọra jókòó sí òdìkejì. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Irun rẹ̀ kúrú, ewú díẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní.

Ọkùnrin náà dìde. Kò mọ bí òun ṣe dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀," ó wí.

Onídìrí gbójú sókè. Kò yà á lẹ́nu tó bó ṣe rò. "Ọlọ́wọ́ Ìyẹ̀fun. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni. Ìwọ nìkan lo wá?"

"Ọkọ mi ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n kàn fẹ́ yẹ̀ mí wò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe." Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọkùnrin náà gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gba ẹyin. Ìka méjì ti wọ́, wọn kò tọ́. Kò mọ ibi tó yẹ kó fojú sí.

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Lọ́dọ̀ dókítà. Ó ti dé ẹnu mi."

"Mo mọ̀. Ẹnu rẹ ni mò ń wò."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ìyẹn ló burú jù. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pe orúkọ kan, orúkọ ọkọ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Onídìrí dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

Ọkùnrin náà padà wá jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyá béèrè, ojú rẹ̀ ń wá òjìji náà kiri.

"Ìyàwó tó yẹ kí n fẹ́ ni, Màmá."

Ọwọ́ ìyá wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó dì í mú. "Kí ló dé tí o ò mú un wá kí n kí i?"

"Wọ́n ti pè é wọlé."